Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ kan sí abúlé Luss

Glasgow, Skọ́tlándì
Ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìrìn-àjò,

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kí yín o. Mo kọ ìwé yìí láti fi ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín sùn yín, lórí ìrìn-àjò tí ẹ kó wa lọ sí abúlé Luss, ní etí adágún Loch Lomond, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12, oṣù Keje yìí. Yorùbá ni ẹ fi kọ ìpolówó tí ó mú mi sanwó, nítorí náà Yorùbá ni èmi náà fi kọ ẹ̀sùn mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ mi kò yé òun.

Pọ́n-ùn 45 ni ẹ gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́ta ni a lọ: èmi, ìyàwó mi, àti ìyá mi tí wọ́n wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 76, tí orúnkún kò sì jẹ́ kí wọ́n lè yára rìn mọ́. Ìpolówó yín sọ pé bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní Glasgow ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, pé a óò dé Luss ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, pé a kò ní kúrò níbẹ̀ títí di aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, àti pé owó ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wa yí àwọn erékùṣù ká fún wákàtí kan, láti aago méjìlá, wà nínú iye tí a san. Ohun tí ẹ kọ gàdàgbà sí òkè rẹ̀ ni pé ìrìn-àjò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, kò sí ìkánjú. Gbólóhùn yìí gan-an ni mo rà. Bí ó bá jẹ́ pé kí a sáà lọ fojú kan Luss ni, bọ́ọ̀sì èrò tí ń gba títì A82 kọjá ìbá ti gbé wa débẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni a tó kúrò ní Glasgow, nítorí pé a ń dúró de àwọn èrò tí ń bọ̀ láti Edinburgh. N kò ka ìyẹn sí ẹ̀sùn, nítorí pé ẹni tí ọ̀nà dá dúró kò yàtọ̀ sí àwa náà. Ti Balloch, ní ìhà gúúsù adágún náà, ni ó bí mi nínú. Afinimọ̀nà yín ní kí a yà sí ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ onírun àgùntàn àti ọtí wisikí, ó ní kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 ni a lò níbẹ̀. Kò sí ilé ìtajà kankan nínú ìpolówó yín. Inú bọ́ọ̀sì ni ìyá mi jókòó sí ní gbogbo àkókò yìí, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ibi tí a ń lọ nìyẹn.

Nígbà tí a fi máa dé Luss, aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa sì ti lọ. Ibẹ̀ ni awakọ̀ yín ti kéde pé aago méjì géérégé ni òun yóò ṣí ọkọ̀, nítorí pé òun ní àwọn èrò ìgbéyàwó láti gbé ní Glasgow ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Èyí fi hàn pé kí a tó kúrò nílé rárá ni ẹ ti ta ọ̀sán wa fún ẹlòmíràn.

Wákàtí mẹ́fà tí ẹ ṣèlérí di àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sórí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, láàárín àwọn ilé kéékèèké olókùúta tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ láyé àtijọ́, tí òdòdó bo ẹnu ọ̀nà wọn. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere débi pé orí òkè Ben Lomond, tí ó ga ní mítà 974, hàn gbangba ní òdìkejì. (Kantíkantí jẹ wá díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín.) Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní èbúté, wọ́n ti ọwọ́ bọ omi, wọ́n sì tọ́ ọ wò, bí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀sà tọ́ dàgbà ti máa ń ṣe. Wọ́n ní kò níyọ̀ rárá, wọ́n sì béèrè ibi tí ó ń gbà lọ sínú òkun. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé odò Leven ni ó ń gbé e láti Balloch lọ pàdé odò Clyde ní Dumbarton, ni awakọ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀ léraléra, tí gbogbo èrò sì ń wò wá. Bí mo ṣe fa àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn gun òkè padà nìyẹn.

A kò dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ibojì àwọn Viking, àwọn jagunjagun orí omi ayé àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù, tí ó wà níbẹ̀ ni ìyá mi ti ń retí láti rí láti àárọ̀. Afinimọ̀nà yín sì sọ fún wa lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé àwọn Viking ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Irọ́ ni. Ọdún 1875 ni Sir James Colquhoun kọ́ ọ ní ìrántí bàbá rẹ̀, tí ó rì sínú adágún yìí kan náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1873. Ó tún ní kò sí adágún tí ó tóbi tó Loch Lomond ní gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Lough Neagh ti Àríwá Ireland fẹ̀ jù ú lọ dáadáa. Ẹni tí a ń sanwó fún kí ó máa ṣàlàyé yẹ kí ó ti kàwé díẹ̀ kí ó tó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu.

Nígbà tí mo pe ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, wọ́n ní àwọn yóò fún wa ní ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìrìn-àjò mìíràn. N kò gbà á. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015, ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò bá sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, tí oníbàárà sì gbára lé kí ó tó sanwó, ti di ara àdéhùn, oníbàárà sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àdínkù owó bí wọn kò bá mú un ṣẹ. Pọ́n-ùn 90 ni mo ń béèrè: gbogbo owó ìyá mi, àti ìdajì owó èmi àti ìyàwó mi. Ẹ dá a padà sórí káàdì tí mo fi sanwó. Bí n kò bá gbọ́ èsì yín títí di ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ilé-ẹjọ́ Sheriff ti Glasgow ni n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tún fi ẹ̀dínwó lọ̀ mí. Ìyá mi ti padà sí Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ 19, oṣù yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín