Kọmíṣọ̀n ejẹ́ǹtì: ẹ ka ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó sáìn

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣe kíláàkì níbí n'Íjẹ̀bú-Òde, ìwé tí wọ́n ń gbé wá bá wa lẹ́yìn tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ tán ò lóǹkà. Tí Ojúde Ọba bá ti kọjá báyìí, tí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ti jókòó tí wọ́n ní ká ta ilé bàbá, kò ní pẹ́ tí ejẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn ta ilé á fi gbé ìwé àdéhùn kọmíṣọ̀n ẹ̀ dé.

Àwọn èèyàn ń pariwo pé olè ni ejẹ́ǹtì. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó fi epo mọ́tò ara ẹ̀ gbé oníbàárà láti Ṣàgámù wá wo ilé yín, owó ẹ̀ tọ́ sí i. Àwa onílé la kì í béèrè pé èló, ta ló máa san án, ìgbà wo. 5% ni ọ̀pọ̀ ń gbà lórí ilé títà, àwọn míì á ní 10%, ẹ lè dúnàádúrà.

Èyí tó burú jù ni kí onílé sọ pé, "Mílíọ̀nù 30 ni kó o gbé wá fún mi, èyí tó bá lé lórí ẹ̀, tìẹ ni." Ó dùn létí, àfi bíi pé onílé ò san kọ́bọ̀. Ejẹ́ǹtì á lọ tà á ní 38. Ká ní 5% lẹ kọ ni, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 ló máa gbà, àmọ́ báyìí mílíọ̀nù 8 ló wọ àpò ẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Oníbàárà tó san 38 ò ní gbà kẹ́ ẹ kọ 30 sínú àgírímẹ́ǹtì láéláé, ẹ̀yin lẹ máa sáìn pé ẹ gba 38 nígbà tó jẹ́ 30 ló wọ àkáǹtì yín. Tí ẹbí kan bá wá dìde pé àwọn ló nilẹ̀, tí kóòtù ní kẹ́ ẹ dá owó padà, èló lẹ máa kó sílẹ̀? Ejẹ́ǹtì ti fi tiẹ̀ ra mọ́tò.

Mo tún rí ìwé kan tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láàárín ọdún kan, ẹnikẹ́ni tó bá ta ilé yìí, kọmíṣọ̀n ejẹ́ǹtì dúró. Ẹbí yẹn sáìn. Ayálégbé tó ti ń gbé inú ilé tipẹ́ ló padà rà á lọ́wọ́ wọn, ejẹ́ǹtì tí ò mú ẹyọ ẹnì kan wá wò ó bá yọ ìwé jáde, wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ṣì san díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé tẹ́ ẹ bá fúnra yín rí ẹni tó rà á, kò sí kọmíṣọ̀n, kí àdéhùn náà sì parí lóṣù mẹ́ta.

Tó bá jẹ́ ejẹ́ǹtì púpọ̀ lẹ fẹ́ lò, ẹ ní ìwé kan nílé, ẹni tó bá mú oníbàárà wá, kí àwọn méjèèjì kọ orúkọ àti déètì síbẹ̀, torí bí ilé bá ti tà báyìí, ejẹ́ǹtì mẹ́ta á ní àwọn làwọn mú un wá. Kọmíṣọ̀n kan ṣoṣo ni, kí wọ́n lọ pín in láàárín ara wọn. Owó ilé kò gbọdọ̀ gba àkáǹtì ejẹ́ǹtì kọjá, ìgbà tí owó bá sì pé lẹ ó san tiwọn, kì í ṣe lórí dìpọ́síìtì.

Ilé tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún onílẹ̀, láti òfin ilẹ̀ ọdún 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà ẹ̀, owó sì wà níbẹ̀. Àwọn ejẹ́ǹtì kan á ti sọ fún oníbàárà pé onílé máa ṣe é, ẹ̀yin ò sì gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ ẹni tó máa san án sínú ìwé.

Tó bá jẹ́ ilé ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ sáìn ìwé àdéhùn ejẹ́ǹtì pàápàá, kì í ṣe àbúrò kan ṣoṣo tó ń gbélé. Ẹni tó wà ní Kánádà náà lè sáìn kó fi ránṣẹ́, kò dìgbà tó bá wọ bàálù.

Èmi ni tiyín,
Kíláàkì lọ́yà, Ìjẹ̀bú-Òde