Àjọkẹ́, ìfófòó yọ níbi tí kò yẹ

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù ibẹ̀ kò mú ọ jù? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Àbúrò mi ti bí, ọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Gilísárínì tí màmá máa ń fi pa wá lára nígbà ọyẹ́, òun ni mo ń dà sínú omi KOH (pọ́táṣíọ̀mù háídírọ́ksáìdì, alíkálì líle) báyìí kí n tó so iná mànàmáná mọ́ ọn. Ìwọ náà mọ̀ pé bí a bá ń fi iná yọ háídrójìn láti inú omi lásán, ìhà tí ọ́síjìn ti ń jáde ló ń jẹ iná jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí yóò ra ọ́síjìn náà lọ́wọ́ wa. Fóltì tí ó kéré sí ti ọ́síjìn tó gilísárínì, ó sì ń di fọ́méètì, iyọ̀ kan tí a lè sọ di ásíìdì fọ́míìkì tí àwọn olóko rọ́bà fi ń mú oje rọ́bà dì. Háídrójìn ń jáde ní ìhà kejì bí ó ti máa ń jáde.

Orí níkẹ̀lì tí ó rí bí kànìnkànìn ni mo ṣe kátálíìsì, èròjà tí ń mú iṣẹ́ náà yá, sí. Láìsí gilísárínì, ó di 1.55 V (fóltì) kí n tó rí iná 10 mA (mílíámpíà) lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Nígbà tí mo dà á sí i, 1.38 V ni. Inú ọ̀gá wa dùn débi pé wọ́n ra mọ́ínmọ́ín fún gbogbo wa.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn wákàtí 12 tí mo ti fi í sílẹ̀ lórí iná, mo gbé ojú sún mọ́ ìgò náà, mo sì rí ìfófòó kéékèèké tí wọ́n so mọ́ ara níkẹ̀lì, ní ìhà tí kò yẹ kí afẹ́fẹ́ kankan ti jáde. Àyà mi já. Fóltì ti rọra gòkè kọjá 1.5. Ó lè jẹ́ pé gilísárínì ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n KOH tuntun ni mo lò, o sì mọ ohun tí irin bíńtín inú KOH ń ṣe sí níkẹ̀lì, bí ó ṣe ń sọ ọ́ di ẹni tí ń tu ọ́síjìn. Mo sọ fún ọ̀gá pé níkẹ̀lì náà ń mí ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi kò dé ọ̀fun. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ pé fọ́méètì ni gbogbo iná náà lọ sí, bẹ́ẹ̀ bí ọ́síjìn bá ni ìfófòó yẹn, apá kan iná náà ti lọ síbòmíràn.

Àjọkẹ́, ẹ̀rọ tiwa ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta. Jọ̀wọ́, ṣé o lè bá mi wọn irin inú ìgò kékeré kan, kí o sì ka fọ́méètì inú èkejì? N kò ní fi wọ́n sínú àpò gàrí tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbé bọ̀, má bẹ̀rù. Ọ̀nà tí òfin gbà ni n óò gbà fi wọ́n ránṣẹ́. Kàn sọ fún mi kí ọjọ́ Ajé tó dé, nítorí ọjọ́ náà ni ọ̀gá fẹ́ rí iye fọ́méètì náà.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́