Lẹ́tà sí Wùmí: Alẹ́ Tá A Sùn Lórí Òkun

Johor Bahru,
Malaysia.
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹfà, 2024.

Wùmí ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá ńkọ́? Ṣé ara wọn ti le? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé òkun tún ti gba ilẹ̀ mọ́ àwọn ará Ayétòrò lọ́wọ́ nílẹ̀ Ìlàjẹ níbẹ̀. Kí Olúwa dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ilé yín ti wà lọ́kàn mi, kò sì kúrò lọ́kàn mi níbi tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ yìí.

Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwa ọmọ Yorùbá mélòó kan níléèwé wa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ Malay dáwó jọ, a lọ sùn lórí kelong. Ilé onípákó ni kelong, inú òkun làwọn apẹja ń kọ́ ọ sí láti máa fi pẹja. Kì í léfòó o. Orí òpó ló dúró lé, àwọn òpó náà sì wọ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun lọ.

Tanjung Leman la ti wọkọ̀, ní etíkun ìlà-oòrùn Johor níbí. Òkun dákẹ́, torí àsìkò rẹ̀ nìyí. Tó bá di nǹkan bí oṣù Kọkànlá, ẹ̀fúùfù á bẹ̀rẹ̀ sí í ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, ìgbì á ga títí ọdún tuntun á fi wọlé dáadáa, kò sì sẹ́ni tó máa gbé àlejò jáde. Bí mo ṣe rí kelong náà lókèèrè, mo ní ilé Ìlàjẹ rèé: pákó, páànù, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú omi. Àmọ́ kò sí ilé kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sọ́mọdé tó ń tukọ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó ń kiri ọjà. Òun nìkan ló dá dúró.

Nibong ni wọ́n ń pe igi tí wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀. Ẹbí ọ̀pẹ ni, ẹ̀gún bò ó lára, ẹ̀gbẹ́ irà omi iyọ̀ ló ń hù sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ le kokooko, omi òkun kì í tètè jẹ ẹ́. Pak Cik tó ni kelong náà (bí a ṣe ń pe àwọn àgbà ọkùnrin níbí nìyẹn) fọwọ́ gbá òpó kan fún wa, ó ní ká gbọ́ bó ṣe dún. Ó gbá òmíràn, ìyẹn dún bòmù. Ó ní èyí tó dún bòmù yẹn ti ń jẹrà nínú, wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀fúùfù tó dé. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n, Wùmí! Mo gbá wọn títí, gbogbo rẹ̀ ń dún bákan náà létí tèmi.

Àyè wà láàárín pákó ilẹ̀ ibẹ̀, o máa ń rí omi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ó dòkun. Orí fóòmù la sùn, obìnrin ní yàrá kan, ọkùnrin ní ìkejì. Omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù la fi wẹ̀, a sì ń ṣọ́ ọ lò. A gbé gàrí dání, a fi ẹja tí kò tí ì kú tán se ọbẹ̀, a sì ro ẹ̀bà. Àwọn ọ̀rẹ́ wa bá wa jẹ ẹ́, wọ́n fi sambal wọn sí i, ata náà sì mú dáadáa.

Alẹ́ gan-an ni mo fẹ́ kó o gbọ́. Pak Cik kì í gba àlejò tó fẹ́ rí iṣẹ́ bí òṣùpá bá ti mọ́lẹ̀, torí iná fìtílà kì í lágbára lójú ẹja nígbà náà. Òun ló bá wa mú ọjọ́, òṣùpá ò sì yọ rárá. Àárín kelong ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí pákó níbẹ̀, àwọ̀n fẹ̀ẹ̀ kan ló wà nísàlẹ̀ omi. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n so iná mọ́lẹ̀ yòò sókè omi, a wá jókòó. Fún wákàtí bíi mélòó kan, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹja wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lábẹ́ iná, àwọn ńlá sì ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè.

Pak Cik wá ń pa iná, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan péré, ó sì tún dín ìmọ́lẹ̀ ìyẹn náà kù. Àwọn ẹja tó ti fọ́n káàkiri bá sún jọ síbi ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn. Ìgbà náà ló ní ká fà á. Igi gbọọrọ kan ni wọ́n ń yí, okùn àwọ̀n á máa wé mọ́ ọn. Mẹ́rin nínú wa la dì í mú, apá ń ro mí títí di òní. Bí àwọ̀n ṣe yọ, ojú omi ń ta pàrà pàrà. Ikan bilis ló pọ̀ jù, ẹja wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ yòyò tiwa. Sotong náà wà níbẹ̀, ẹran omi tí kò légungun, tó ní ọwọ́ púpọ̀ lẹ́nu. Ẹyọ kan wà lọ́wọ́ mi, ara rẹ̀ funfun, àmì pupa tóótòòtó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án lára, ó ń tàn, ó ń pa, kó tó tu omi dúdú sí mi láṣọ. Lóru yẹn náà ni wọ́n bọ bilis nínú omi iyọ̀ híhó, torí kì í pẹ́ bàjẹ́, ilẹ̀ mọ́, wọ́n sá a sóòrùn.

Lọ́jọ́ kejì, Pak Cik fi ṣọ́ọ̀kì ya kelong ayé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ìyẹn ní ọgbà gígùn kan tí wọ́n fi igi to dábùú ọ̀nà ẹja. Ẹja tó bá kan ọgbà kì í padà sétí omi, ibú ló máa ń forí lé. Bó ṣe ń tẹ̀ lé ọgbà lọ, ó ń wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ẹnu wọn ń há sí i, títí dé yàrá ìkẹyìn tí àwọ̀n wà. Wọn ò lépa ẹja rárá. Wọ́n mọ ohun tó máa ṣe ni, wọ́n sì dúró dè é.

Irú rẹ̀ ti ń tán lọ. Ní Singapore, láti 1965 ni wọn ò ti fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ tuntun mọ́ láti kọ́ kelong. Àwọn ọmọ Pak Cik ń ṣiṣẹ́ nígboro, owó àwa àlejò ló sì fi ń ra òpó. Àwọn kan ń sọ pé àlejò ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Èmi ò gbà. Kelong tí wọ́n ti ń kọrin mọ́jú tí wọn ò sọ àwọ̀n sílẹ̀, mi ò ní lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọ̀n bá ti ń wọ omi lálaalẹ́, kí wọ́n gba owó wa o jàre, kí bàbá yẹn rí nǹkan fi pààrọ̀ òpó rẹ̀.

Wùmí, jọ̀ọ́, jókòó ti Bàbá. Béèrè lọ́wọ́ wọn bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń mọ alẹ́ tí ẹja máa wá, irú igi tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún ilé, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti jẹrà. Ká ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè Ìlàjẹ gan-an, má ṣe tún un sọ fún wọn. Ilẹ̀ tí òkun bá gbà, agbára wa lè má ká a, àmọ́ ohun tó wà lórí Bàbá ṣì wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa. Mo ti sọ fún Pak Cik pé mo ní bàbá kan nílé tó jẹ́ apẹja, ó sì ní kí n wá sọ fún òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹnì kan nínú wa ń bọ̀ l'Ékòó lóṣù Kẹjọ, màá fi bilis gbígbẹ rán an sí ọ. Fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, kó o sì bu díẹ̀ fún Bàbá.

Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bùsọ́lá.