Ẹ wo ọ̀sà kẹ́ ẹ tó wo ọkọ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà ọkùnrin Ṣàgámù tó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun kékeré, tí òun àti ìyàwó òun àtàwọn ọmọ mẹ́ta á máa fi gbafẹ́ lórí ọ̀sà lọ́jọ́ Sátidé kílẹ̀ tó ṣú, lẹ́tà yẹn ló jẹ́ kí n kọ tèmi. Àwọn tó ti dá a lóhùn ò kéré, ẹ ṣeun gbogbo yín, àmọ́ ẹwà ọkọ̀ ni gbogbo yín ń rò, ẹnì kan ní kó ra èyí tó ní yàrá àti ibi ìdáná nínú, òmíì ní Hobie 16 (ọkọ̀ tóóró méjì tí wọ́n so pọ̀) ni kó gbé torí eré ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé omi wo gan-an ló fẹ́ gbé e lé.

Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jàre. Ẹni tó bá ń gbé Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde tó ń wá omi, Èpé ni, Èjìnrìn ni, tàbí kó gba ọ̀nà Ìwópin àti Mákun-Omi lọ ní Ogun Waterside (ẹ má jẹ́ ká jà o, mo mọ̀ pé Èpé ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967, Ìjẹ̀bú náà ṣì ni wọ́n). Ọ̀sà Lekki tó wà lọ́hùn-ún fẹ̀ débi pé ojú ò tó òdìkejì, ṣùgbọ́n kò jìn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò tó mítà 3, etí ẹ̀ láwọn ibòmíì ò ju orúnkún lọ. Koríko orí omi tó wọ̀lú wa láti ọ̀nà Badagry ní 1984 náà ńkọ́, tó bá ti kóra jọ báyìí ẹ ò ní rí ojú ọ̀nà. Àwọ̀n àwọn apẹja ńkọ́, igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ sínú omi ńkọ́, ìtì gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n ń wọ́ gba orí ọ̀sà lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó ńkọ́? Èyí tó burú jù nínú wọn ni gẹdú tómi ti mu yó, tó kàn ń yọ orí díẹ̀ tàbí tí kò tiẹ̀ yọ rárá.

Ọ̀rọ̀ wá di ti abẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ onígbòkun gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó máa di omi mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn á kàn máa tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Àwọn tó ní yàrá yẹn, irin tàbí òjé ńlá ni wọ́n sábà máa ń dè mọ́ ìdí ẹ̀, kò ṣe é fà sókè, òmíì lè ju mítà kan lọ sísàlẹ̀, tírú ẹ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ ní Èjìnrìn, ibẹ̀ lẹ máa sùn. Èyí tó yẹ ọ̀sà wa ni ọkọ̀ tó ní pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gba àárín ọkọ̀ wọ inú omi, tẹ́ ẹ lè fà sókè nígbà tó bá wù yín. Pákó yìí sì pé méjì o, ibi tí mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn fetí sí dáadáa nìyí. Ọ̀kan máa ń lọ sókè sódò tààrà bí ọ̀bẹ nínú àkọ̀, èkejì ní irin kan tó rọ̀ mọ́ tó fi ń ká sẹ́yìn. Tí àkọ́kọ́ bá gbá gẹdú, ọkọ̀ á dúró gbàgà, gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ á fò síwájú, pákó lè kán tàbí kó fa ihò tó wà ya, omi á sì máa wọlé. Tó bá jẹ́ èkejì, á kàn dún gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, pákó á ká sókè fúnra ẹ̀, ẹ ó máa bá tiyín lọ. Ìtọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn náà, èyí tó ń ká sókè ni kẹ́ ẹ rà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Wayfarer, tí pákó ẹ̀ jẹ́ èyí tó ń ká, ni mo máa ń dárúkọ. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ian Proctor ló ya àwòrán ẹ̀ ní 1957, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 ku díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fa pákó ẹ̀ sókè tán kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 ló máa wọ omi, bàbá, ìyá àtọmọ mẹ́ta á jókòó nínú ẹ̀ láìfún ara wọn pa. Ó tún láyà, Frank Dye gbé irú ẹ̀ láti Scotland dé Iceland ní 1963 (kì í ṣe pé mo ní kẹ́nikẹ́ni gbé ọmọ ẹ̀ lọ síbẹ̀ o!). Àbùkù ẹ̀ ni pé ó wúwo, bíi kìlógíráàmù 169 láìtíì ka òpó àti ìgbòkun mọ́ ọn, ẹnì kan ò lè dá wọ́ ọ jáde nínú omi, ẹ máa nílò tírélà kékeré.

Ọkọ̀ Mirror fúyẹ́, pílálíwúùdù ni, káfíńtà tó mọṣẹ́ lè kàn án, àmọ́ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 11, èèyàn márùn-ún ò lè wọ̀ ọ́, pákó ẹ̀ sì jẹ́ onísókè-sódò yẹn. Laser àti Sunfish, ẹ rà á fún ọmọ tó ti dàgbà tó fẹ́ dá wà á. Lightning tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 19, táwọn Lagos Yacht Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932 ti fi ń sáré ìje, ó fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àgbà mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n wà ló ń fẹ́ nídìí ẹ̀. Ní ti Hobie 16 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, orí aṣọ tí wọ́n ta sáàárín ọkọ̀ méjì lẹ ó jókòó sí, omi á máa fọ́n sí yín lára, tó bá ki imú bọ omi lórí eré, gbogbo yín lẹ máa fò lọ, ìyá ìyàwó yín ò sì ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín o. Ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibi tó bá ń rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, fáíbà ẹ̀ ti ń jẹrà nìyẹn. Wayfarer ní àpótí afẹ́fẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, òun ni kì í jẹ́ kó rì tó bá dojú dé, ẹ tú ìdérí ẹ̀ kẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó bá tutù nínú tó ń rùn, omi ń wọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á bá yín gbé e síbi tómi ò ti ju àyà lọ, kẹ́ ẹ dìídì dà á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ gun pákó abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ wo bí omi tó kù nínú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Tí kò bá gbà, ẹ máa lọ ilé yín.

Ti atẹ́gùn náà wà ńbẹ̀. Lọ́sàn-án, èyí tó ń fẹ́ bọ̀ láti òkun máa ń dáa, òun gan-an ni fàájì. Àmọ́ láti March dé May, àti nígbà tí òjò bá tún fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ìjì máa ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, ojú ọ̀run á ṣú dúdú lọ́hùn-ún, atẹ́gùn á kọ́kọ́ kú pátápátá bíi pé kò sí nǹkan, kó tó ya lù yín. Ìgbà tó bá kú yẹn kọ́ ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ojú ara yín, ẹ yáa ká ìgbòkun sílẹ̀, ẹ mú àjẹ̀, ẹ kọjú sí etí omi tó bá sún mọ́ yín. Nítorí náà, ẹ ra ìgbòkun tó ní okùn kéékèèké lára tẹ́ ẹ fi lè ká apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó kéré, kẹ́ ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká a lórí ilẹ̀. Kí ìyàwó náà mọ̀ ọ́n wà, ẹ jọ̀ọ́, torí tó bá jẹ́ ọkọ nìkan ló mọ̀ ọ́n tí igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun sì gbá a lórí ńkọ́? Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kálukú ló ní tiẹ̀, tọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba abẹ́ ìdí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ọmọ á yọ́ gba ìsàlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé òpó ẹ̀ dìde létí omi, ẹ kọ́kọ́ wòkè bóyá wáyà NEPA wà níbẹ̀, alumíníọ̀mù ni òpó yẹn.

Ó kù síbì kan. Oòrùn wa máa ń jẹ òwú ìgbòkun, aṣọ á ṣì máa dán, ojú ìránṣọ ẹ̀ á ti máa já fàì-fàì, a sì nílò ẹni tó lè bá wa tún un rán. Ẹni tó bá mọ télọ̀ tó ń rán tapólì ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí máṣíìnì ẹ̀ gba òwú tó nípọn, kó bá wa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Ìjẹ̀bú-Òde.