Ìpàdé àwa apọntí, Sátidé yìí o

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Sátidé yìí, aago 10 àárọ̀, nílé Ìyá Alága ní Ajílòsun, Adó-Èkìtì níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dé torí a máa gbé ìkòkò kaná níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kà bàbà la fẹ́ sọ jù. Tó bá ti hù, oòrùn ni kẹ́ ẹ sá a sí, ẹ má yan án lórí iná o, torí tí ooru bá pọ̀ jù, agbára tó ń sọ ọ̀kà di ṣúgà á kú, ọtí ò sì ní le. Kẹ́nikẹ́ni má fojú kéré ọ̀kà yìí, nígbà tíjọba fòfin de bálì òkè òkun, ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà, ní 1988, òun náà làwọn ilé-iṣẹ́ bíà ńlá sáré lọ bá.

Kí kálukú mú ìgò kan wá nínú ọtí tó pọn gbẹ̀yìn, ìgò tó mọ́ o, àti ₦2,000 tá a fẹ́ fi ra tẹmọ́mítà tó ń wọn ooru.

Ẹ bá mi fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí n lè mọ iye èèyàn tá a máa gúnyán fún.

Akọ̀wé yín