Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Bíríkìlà Lórí Ògiri Ilé Ìjọba

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọlọ́lá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí káńsù ń kọ́ ló mú àwa bíríkìlà kọ̀wé sí yín.

Àwọn kan ní ilẹ̀ kì í mì ní Nàìjíríà. Ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Kwoi ní Kàdúná ní 2016, ó tún mì ní Mpape l'Ábújà ní oṣù Kẹsàn-án 2018. Lóòótọ́, kò run ìlú. Ṣùgbọ́n ní Mòrókò ní 2023, ìmìtìtì ilẹ̀ pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn, ilé alámọ̀ àti ilé olókùúta lórí òkè Atlas sì wó lọ bẹẹrẹ. A ò sọ pé irú rẹ̀ ń bọ̀ ní Yàgbà o. Ògiri tí kò ní ìdè là ń bá wí.

Búlọ́ọ̀kù lè gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Bí nǹkan bá tì í láti ẹ̀gbẹ́ ni kò lè dúró. Igun ilé ló máa ń kọ́kọ́ là. Ògiri gígùn á wá dá dúró, á fì síta, òrùlé á sì tẹ̀ lé e. Lintẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré onírin tí wọ́n ń dà sórí ògiri, tó bá yí gbogbo ilé ká láìjá ló ń gbà á, bí ọ̀já ṣe ń gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọjá igun, kí wọ́n má gé e síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dà sórí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà nìkan kò di nǹkan kan mú. Búlọ́ọ̀kù pàápàá ń kọ́? Àpò sìmẹ́ńtì kan kò yẹ kó mọ ju nǹkan bí 30 búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 9 lọ. Àwọn kan ń nà án dé 45, ọwọ́ lásán lẹ lè fi rún un.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí agbaṣẹ́ṣe kankan má da kọnkéré lé irin lintẹ́ẹ̀lì kí òṣìṣẹ́ káńsù tó wá wò ó, tó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti bò ó, ta ló tún máa rí i? Bí kò bá sí ìwé tí òṣìṣẹ́ yẹn fọwọ́ sí, ẹ má san owó ipele iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe. Kì í ṣe wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wa là ń tọrọ, ọ̀pá irin mẹ́rin pẹ̀lú ríǹgì tó dì wọ́n pọ̀ ni.

Ní ti kíláàsì àtijọ́ tí igun wọn ti là, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha pílásítà rẹ̀ kúrò, kí wọ́n ta àwọ̀n wáyà sí i nínú àti lóde, kí wọ́n fi irin so méjèèjì pọ̀ la ògiri já, kí wọ́n tó tún un rẹ́. Èyí tó bá ti fì síta, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ná.

Àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ wa ṣe tán láti bá òṣìṣẹ́ yín yí ká ilé ẹ̀kọ́ wò, a ò sì ní gba owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lọ́jọ́, kí òjò tó dé.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé,
fún ẹgbẹ́ bíríkìlà, Ìsánlú.