Ètè mi ò tíì jí

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mi ò bínú sí ẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn, torí mo mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí o pè tí mi ò gbé e, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn lo ń rò. Ìyẹn ti tán nínú mi tipẹ́. Ètè mi ni ò jẹ́ kí n gbé fóònù.

Ṣé o rántí eyín mi ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, èyí tó wà ní ìparí pátápátá, tó máa ń gba oorun lójú àwa méjèèjì nígbà tí a jọ wà ní yàrá kan náà? Mo ti yọ ọ́. Ọjọ́ 38 rèé. Ṣe ló dùbúlẹ̀ sínú egungun, kò yọ tán, àfìgbà tí wọ́n la erìgì tí wọ́n sì gé e sí méjì kó tó jáde. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí òun gún mi á ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 3 sí 5, pé lẹ́yìn ìyẹn ara á tún máa mọ nǹkan. Ahọ́n mi jí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jí. Ètè ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún títí dé àgbọ̀n ò jí. Mo sùn, mo jí, òun ò jí.

Ti wíwú yẹn, mo ti ń retí ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń wú jù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Yìnyín ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní, omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo sì fi ń yọ ẹnu láti ọjọ́ kejì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kẹsàn-án tí mo jí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tún le gbandi, tó gbóná, tí ẹnu ò là ju ìka kan lọ, tí ọyún sì ń sun níbi tí wọ́n ti yọ eyín. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti gbọ́ pé bí wíwú bá sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, tí èèyàn ò lè gbé itọ́ mì tàbí kó mí dáadáa, kì í ṣe ohun tí à ń sùn lé lórí, ilé ìwòsàn ni kíákíá, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Tèmi ò débẹ̀. Wọ́n fọ ojú ihò náà, wọ́n fún mi ní oògùn tó ń pa kòkòrò, mo sì lò ó tán láìfo ọjọ́ kankan. Ó lọ. Ó wá ku kókó kan bí orí àtàǹpàkò létí egungun àgbọ̀n. Kò dùn mí, àmọ́ ọwọ́ mi kì í kúrò lára ẹ̀.

Ètè tó kú yìí gan-an ló ń já mi láyà. Ó dà bí ẹni pé wọ́n rán ètè ẹlòmíì mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá wo dígí, ó wà ní àyè ẹ̀, ó ń mì bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ń bá ìyókù rẹ́rìn-ín. Dókítà ní ìyẹn ló jẹ́ kóun mọ̀ pé iṣan tó ń mú ojú mì kọ́ ló fara pa, èyí tó ń gbé ìmọ̀lára ni. Inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló gbà bí wáyà ṣe ń gba inú páìpù, ó kọjá nítòsí gbòǹgbò eyín yẹn gan-an, kó tó yọ síta lọ sí ètè. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n ń fa eyín, ó sì lè jẹ́ pé ó bó.

Lánàá mo mu omi, àbíkẹ́yìn mi sì wá fi etí aṣọ ẹ̀ nù mí lágbọ̀n. Omi ti ń kán sí mi láyà, mi ò mọ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn nù ún, ó padà sídìí eré ẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí létí ife kí n tó mọ̀ pé mo ti gé ètè mi jẹ. Bí mo bá sì fẹnu ko ọmọ náà níwájú orí, ìdajì ni mo ń rí gbà.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo máa ń jókòó síwájú dígí, màá lọ́ òwú ṣóńṣó, màá máa fi kan ara láti ibi tó mọ nǹkan wá síbi tí kò mọ nǹkan. Ibi tí mi ò bá ti gbọ́ ọ mọ́, màá fi bírò tọ́ ọ, màá sì ya fọ́tò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àmì bírò náà bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu títí dé àárín àgbọ̀n. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ti sún kúrò ní igun ẹnu, kò ju ìbú èékánná ìka kékeré lọ. Wọ́n ní iṣan máa ń hù padà ní bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àgbọ̀n mi ń ta mí bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tó kú bá ń jí. Mo dìde jókòó, mi ò jẹ́ mí kó má bàa lọ. Ó tó bí ìṣẹ́jú méjì.

Dókítà ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, ti àwọn kan lè kọjá ọdún kan, pé àwọn díẹ̀ sì wà tí kì í padà tán. Ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ yẹn ni mò ń rò sùn.

Inú sì ń bí mi. Mo tún ìwé tí mo fọwọ́ sí kà. Ó wà níbẹ̀, ìlà kan péré. Kò sẹ́ni tó fìka tọ́ka sí i, kò sẹ́ni tó fi àwòrán X-ray hàn mí kó ní, “Ibi tí iṣan gbà rèé.” Bí wọ́n bá tiẹ̀ sọ ọ́, ǹ bá ṣì yọ ọ́, torí ó ti ń ba èyí tó wà níwájú ẹ̀ jẹ́. Àmọ́ ǹ bá ti mọ̀.

Bàbá Tọ́pẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Tọ́pẹ́ yege nínú ìdánwò, Màmá ń kí ẹ.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà lọ. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán CT, bóyá èérún egungun tàbí gbòǹgbò ló tẹ iṣan náà, kí wọ́n sì wo kókó yìí. O mọ̀ mí, bí dókítà bá ti ń yára sọ̀rọ̀, “ẹ ṣeun, dókítà” ni màá máa wí. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan. Jọ̀ọ́, bá mi wà lórí fóònù ní aago 10 àárọ̀. Mo mọ̀ pé òru ni lọ́dọ̀ yín. Màá gbé e sórí tábìlì. Bí mo bá dákẹ́, bá mi béèrè pé tí kò bá yí padà, ìgbà wo ni wọ́n máa fi mí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún iṣan ṣe, kí ìgbà má bàa kọjá. Eyín tìrẹ tí o ní wọn máa yọ ńkọ́? Jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán hàn ẹ́ kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Bí o bá ka èyí tán, pè mí. Màá gbé e. Ohùn mi á ṣe ẹ́ bákan, torí mi ò mọ ìgbà tí ètè bá pàdé, bí mo bá sì fẹ́ pe “b”, ó máa ń pẹ́. Má bá mi parí ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán fúnra mi.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ